Ìbò tí wọ́n ń to olùdíje ní 1, 2, 3: kí lojú yín rí?

*Tíṣà, Ọ̀bà-Ilé:*
Mo ṣiṣẹ́ níbi ìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó wa, 16 oṣù Kọkànlá, 2024. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká máa dìbò bíi ti New York, níbi tí olùdìbò ti lè to olùdíje márùn-ún tẹ̀léra, ẹ̀rọ wo la fẹ́ fi kà á? BVAS, ẹ̀rọ ìyẹ̀wò olùdìbò, kì í ka ìbò o. Ìka àti ojú olùdìbò ló ń yẹ̀ wò, tá a bá parí, a ó fi ya fọ́tò fọ́ọ̀mù èsì ránṣẹ́. Ọwọ́ la fi ń ka ìwé. Ní ibùdó tiwa, ọ̀gá wa ń gbé e sókè níkọ̀ọ̀kan, àwọn ejẹ́ńtì ẹgbẹ́ òṣèlú ń kà tẹ̀lé e. Ìwé kan wà tí yíǹkì ti fà láti ojú ẹgbẹ́ kan dé òmíràn. Ariwo ibẹ̀! Kíkà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn.

*Ìyá Ìbejì, Ọjà-Ọba:*
Tíṣà, ẹ ṣé. Ọmọ mi wà ní New York, 2021 ló kọ́kọ́ dìbò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń ya àwòrán ìwé wọn, síbẹ̀ ìbò ìdánwò bí 135,000 tí wọ́n gbàgbé sínú kọ̀ǹpútà bá ojúlówó wọ èsì. Lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n yọ èsì kúrò. Ẹ̀rọ kọ́ ló ṣẹ̀, èèyàn ni.

*Tíṣà, Ọ̀bà-Ilé:*
Màmá, ibi tó ń dùn mí gan-an nìyí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá kọjá ìdajì, wọ́n á yọ ẹni tó gbẹ̀yìn, ìwé rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ ẹni tí olùdìbò fi ṣe ìkejì. Ta ló gbẹ̀yìn? Ibùdó kan ò lè mọ̀, àfi tí èsì ibùdó 3,933 ìpínlẹ̀ Oǹdó bá pé. Fọ́ọ̀mù EC8A tá a ń kọ èsì ibùdó sí sì rèé, iye kan péré ló ń gbà fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí 2020: iná jó ẹ̀rọ ìyẹ̀wò káàdì tó lé ní 5,000 l'Ákúrẹ́, ìbò ku oṣù kan. Irú kan náà ni gbogbo ìpínlẹ̀ ń lò nígbà yẹn, ìyẹn la fi rí èyí tá a fi rọ́pò. Tó bá jẹ́ Oǹdó nìkan ló ní ẹ̀rọ akàbò, ọ̀dọ̀ ta la ó ti yá a?

*Ọmọ Ìdàńrè:*
Ẹ̀gbọ́n, mo ń gbé Ọsirélíà. Láti 1918 ni wọ́n ti ń to olùdíje, pẹ́ńsù ni wọ́n sì fi ń kọ nọ́ńbà síwájú orúkọ. Ní ti ilé ìgbìmọ̀ aṣojú, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kà á. Ṣùgbọ́n wọ́n á kó ìwé lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n á tún un kà fún ọjọ́ púpọ̀.

*Ìyá Ìbejì, Ọjà-Ọba:*
Kó ìwé kúrò lójú wa? Ejẹ́ńtì wo ló máa gbà l'Ákúrẹ́ yìí?