Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìsọ̀ Ìdúmọ̀tà àti ilé ìkẹ́rùsí Ọ̀yìngbò

Aláṣọ_Ìdúmọ̀tà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ìsọ̀ mi àti ti ilé ìkẹ́rùsí wa ní Ọ̀yìngbò so pọ̀ láìsí wáyà, kó tó di Mọ́ńdè. Rédíò (ẹ̀rọ orí òrùlé tó ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibì kan mọ́ ti ibòmíì) wo ni kí n rà? Ẹ jọ̀ọ́, ó ti di kánjúkánjú.

Bàbá_Wáyà: Bíi kìlómítà 3 ni, rédíò 5 GHz méjì tó kọjú síra wọn á gbé e. Ẹ kọ́kọ́ gun òrùlé ná. Kẹ́ ẹ rí ọ̀hún nìkan ò tó: láàárín ọ̀nà, ó yẹ kí bíi mítà 6 ṣófo yí ojú ìlà náà ká.

Ọmọ_Fájì: Ìdúmọ̀tà apá ibo? Tó bá jẹ́ inú lọ́hùn-ún, ilé alájà ti dí gbogbo ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì: Ẹ dákun, ẹ ṣọ́ra fún àrá! Ẹni tó bá mi ṣe tèmi lọ́dún tó kọjá kò ṣe earth (wáyà tó ń gbé iná àrá wọ inú ilẹ̀). Àrá sán nítòsí, ó gba wáyà òrùlé wọlé, ó jẹ rédíò, switch (àpótí tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn kọ̀ǹpútà ń wọ̀) àti kọ̀ǹpútà méjì. Ẹnu switch yẹn dúdú bí ìdí ìkòkò, ike rẹ̀ yọ́ mọ́ orí wáyà. Títí dòní, kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ padà fún mi.

Ará_Yaba: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé kì í ṣe iná NEPA ló dé tagbára-tagbára?

Ìyá_Ìbejì: Kò síná lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ wà ní pípa. Àrá ni.

Bàbá_Wáyà: Òótọ́ ni màmá sọ. Ẹ ra wáyà ìta tó ní bébà onírin nínú, bàbà gidi, kì í ṣe alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò. Ẹ fi surge protector (ohun tó ń dín agbára iná àrá kù) síbi tí wáyà ti ń wọlé, kẹ́ ẹ sì ri irin earth mọ́lẹ̀.

Ará_Yaba: Earth ò lè gba rédíò là tí àrá bá bọ́ lé e lórí.

Bàbá_Wáyà: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń sán nítòsí ló wọ́pọ̀, òun ni mò ń bá wí.

Tólú_SIM: Ẹ ra router méjì tó ń lo SIM, ẹ fi VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) so wọ́n pọ̀. Kí la ń gun òrùlé fún?

Aláṣọ_Ìdúmọ̀tà: Mo dúpẹ́ o. Owó data ò ní jẹ́ kí n gbà ti SIM. Mo gun òkè láàárọ̀, mo rí táǹkì omi wa ní Ọ̀yìngbò kedere. Mo ti ra rédíò 5 GHz tí wọ́n ń pè ní CPE510 méjì ní Computer Village, àbúrò mi tó ń so CCTV á gbé e kọ́ lọ́la. Wáyà tó wà nílẹ̀ la máa lò. Ti earth á di oṣù tó ń bọ̀.

Ìyá_Ìbejì: Òjò ti bẹ̀rẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi máa yọ wáyà yẹn lára switch kẹ́ ẹ tó ti ìsọ̀ lálaalẹ́.