Sídíì bàbá mi tó 600, báwo ni kí n ṣe kó wọn sórí kọ̀ǹpútà?
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Sídíì tí bàbá mi fi sílẹ̀ tó bíi 600, jùjú, fújì, àpàlà, mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, FLAC ni mo fẹ́ o, irú fáìlì orin tí kì í dín ohùn kù, mi ò fẹ́ MP3 torí ìyẹn máa ń gé lára ohùn dànù. Exact Audio Copy, ètò kọ̀ǹpútà tó ń da orin inú sídíì kọ, ni mò ń lò, sídíì kan ń gbà tó 300MB, ìyẹn 180GB lápapọ̀, ààyè ò ní wọ́n mi. Ibi tó ti ń sú mi ni pé AccurateRip, àkójọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orin tí a dà kọ pé, ò dá ọ̀pọ̀ ẹ̀ mọ̀, orúkọ orin náà ò sì jáde, èmi ni mò ń wo páálí tí mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé kí n máa fi àmì ohùn sórí orúkọ tí mò ń tẹ̀? Fújì kan wà, tráàkì kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú 58 gbáko, ṣé kí n gé e ni àbí kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀kan tí bàbá mi fi báírò kọ déètì tó rà á sára páálí ẹ̀, ó ti họ, ó ń há ní tráàkì kẹta, mo ti fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín bọ́ síta, ibì kan náà ló ṣì ń há sí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo tún lè ṣe sí i?