Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí irú wa, obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin, nínú fíìmù

Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà tí fíìmù Emotional Crack jáde ní 2003. Màmá mi yá kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ládùúgbò, gbogbo ilé sì pé sí pálọ̀. Ọkọ Crystal ń nà án bíi kíkú bíi yíyè, Camilla ló wá di alábàárò rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń súnmọ́ra báyìí, màmá mi gbá rímóòtù mú, ó sáré tẹ̀ ẹ́ síwájú. Àwòrán ń fò fìrìfìrì, kò sóhùn, ojú mi ò kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ̀mí èṣù ló ń da ìyẹn láàmú." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Èyí tá a wò lẹ́yìn ìyẹn ò lóǹkà. Obìnrin tó bá fẹ́ràn obìnrin, ẹgbẹ́ òkùnkùn ló wọ̀, àbí owó ló ń wá. Níparí, pásítọ̀ á da òróró sí i lórí, tàbí kó ya wèrè. N ò rí ọ̀kan tó ń fọṣọ, tó ń dáná, tó ń retí kí olólùfẹ́ rẹ̀ pè é. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tí Pamela Adie àti Uyaiedu Ikpe-Etim ṣe fíìmù Ìfé ní 2020, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò kìlọ̀ ẹ̀wọ̀n fún wọn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti wò ó. Mo tilẹ̀kùn, mo rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, torí òfin ọdún 2014 tó ka irú ìfẹ́ wa léèwọ̀ ní Nàìjíríà ò ṣeré. Obìnrin méjì, ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹkún ni mo sun.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ti àwa ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi wá rín nínú fíìmù: ohùn tínrín, ìdí jíjù. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, èmi náà á bá wọn rín in. Fíìmù Babatunde Apalowo tó gba Teddy, àmì-ẹ̀yẹ fún fíìmù nípa irú wa, ní Berlin lọ́dún 2023 ni mo ti kọ́kọ́ rí ara mi. Bambino ń fi ọ̀kadà kó ẹrù kiri Èkó, Bawa ń ya fọ́tò. Ọ̀rọ̀ wà lọ́kàn Bambino, kò lè sọ ọ́. Mo ti dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta síbi tí Bawa ti gbé kámẹ́rà kọjú sí i.