Òrùlé ọkọ̀ mi kò ká délẹ̀ mọ́: ṣé kí n tún un ṣe, àbí kí n fi í sílẹ̀ ní pípadé?

Aṣèbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú tòde ọkọ̀. Mo ní ọkọ̀ olórùlé kíká kan tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ, tí a ń fi súìṣì ṣí, tí a sì ń fi í pa dé. Ní báyìí, bí mo bá tẹ súìṣì náà, n óò gbọ́ ìró pọ́ǹpù láti ẹ̀yìn, òrùlé á gbéra, á dé àárín méjì, á sì dúró gbagidi, ẹ̀gbẹ́ òsì á máa rẹ̀yìn díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ni mo fi ń tì í kí ó tó padé. Àwọn tó bá mi wò ó ní àfi kí a pààrọ̀ gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbé e, owó tí wọ́n sì pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye tí ọkọ̀ náà yóò pa bí mo bá tà á. Ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ kò ní àbùkù, ara rẹ̀ kò sì dípẹtà. Ṣé irú owó báyìí tọ́ sí òrùlé?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:

Ẹ má tíì náwó kankan. Ìró pọ́ǹpù tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ìròyìn ayọ̀ ni, nítorí ó fi hàn pé súìṣì, fíúsì àti ẹ̀ńjìnnì kékeré tó ń yí pọ́ǹpù ṣì ń ṣiṣẹ́. Ká ní ẹ tẹ̀ ẹ́ tí ibẹ̀ pa lọ́lọ́ ni, à bá máa wá wáyà tó já tàbí sẹ́nsọ̀ tó ti kú kiri. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ irú èyí, pọ́ǹpù ni ó ń ti ọ́ìlì gba inú rọ́bà tín-ín-rín lọ sínú sílíńdà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ọ̀pá inú sílíńdà á sì yọ jáde láti gbé egungun òrùlé. Bí ọ́ìlì bá ti dín kù jù, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù yóò máa fà, òrùlé yóò sì dúró lágbedeméjì bí tiyín. Ọ́ìlì inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé dín kù. Ó ti ń jò níbì kan ni.

Ẹ mú tíṣù funfun, kí ẹ fi nu ibi tí ọ̀pá ti ń wọ inú sílíńdà òsì, kí ẹ sì ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù láti wo abẹ́ pọ́ǹpù. Bí tíṣù náà bá tutù, tí ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, rọ́bà ìdínà inú sílíńdà ni ó ti gbó. Rọ́bà yẹn kò tóbi ju òrùka lọ, ẹni tó mọ iṣẹ́ sì lè pààrọ̀ rẹ̀ láìfọwọ́ kan pọ́ǹpù rárá. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ní kí ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀: ó rọrùn fún wọn láti pààrọ̀ ju kí wọ́n wádìí lọ.

Ẹ má dà ọ́ìlì kọ́ìlì sí i o. Àwọn ọkọ̀ kan ń lo ọ́ìlì jíà aládàáṣiṣẹ́, àwọn mìíràn ní ọ́ìlì tiwọn lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ sì wà tó jẹ́ ọ́ìlì bíréèkì ni wọ́n ń lò. Èyí tí kò bá a mu yóò ba gbogbo rọ́bà ibẹ̀ jẹ́. Ìwé ọkọ̀ yín yóò sọ èyí tó yẹ. Bákan náà, ẹ dẹ́kun fífi agbára tì í: ó sábà máa ń ní ìdè kékeré kan lára pọ́ǹpù tí a ń tú kí ọ́ìlì lè máa ṣàn padà kí ọwọ́ tó lè gbé òrùlé. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń lọ tí èkejì ń kọ̀, egungun òrùlé lè lọ́, ìyẹn sì burú ju jíjò lọ.

Arìnrìn-àjò:

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń fi ọ́ìlì gbé òrùlé. Porsche Boxster àkọ́kọ́, fún àpẹẹrẹ, ẹ̀ńjìnnì oníná àti okùn irin ni ó ń lò. Bí okùn ẹ̀gbẹ́ kan bá já, òrùlé á lọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ti BMW Z4 ìran kìíní, omi ni ọ̀tá: pọ́ǹpù rẹ̀ jókòó sí ìsàlẹ̀ nínú kòtò tí òrùlé ń ká sí, nítorí náà bí ewé àti ìdọ̀tí bá dí ojú ihò tí omi òjò ń gbà jáde, ẹ̀ńjìnnì pọ́ǹpù á rì. Àwọn kan a tilẹ̀ gbé e wá sínú búùtù kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Ohunkóhun tí ẹ bá tún ṣe, ẹ nu ojú ihò omi wọ̀nyẹn.

Ìyá Onímọ́tò:

Èmi yóò sọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbọ́: bí ẹ kì í bá ṣí òrùlé náà ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ, tí ìkọ́ iwájú rẹ̀ sì ń mú dáadáa, ẹ lè fi í sílẹ̀ ní pípadé. Ìkọ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí òrùlé tí kò kọ́ mọ́lẹ̀ lè ṣí lójú eré. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní in lọ́kàn láti tà á, ẹ tún un ṣe; iye tí olùrà yóò yọ nítorí òrùlé tí kò ṣiṣẹ́ sábà máa ń ju owó àtúnṣe lọ, nítorí ohun tó burú jù lọ ni òun yóò rò sí i. Ẹ wo aṣọ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá ti ń ya létí, ẹ ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, kí a má baà tú ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Aṣèbéèrè:

Ẹ ṣé gan-an. Tíṣù jáde ní tútù rinrin láti ẹ̀gbẹ́ òsì. Ti ọ̀tún gbẹ. Aṣọ kò ya, ìkọ́ sì ń mú. Sílíńdà nìkan ni n óò tún ṣe. Ṣé kí n fi ti ọ̀tún sílẹ̀?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:

Rárá, ẹ pààrọ̀ rọ́bà ìdínà méjèèjì. Ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Kí ẹ tó tú u, ẹ sàmì sí rọ́bà ọ́ìlì kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè mọ ojú ihò tí ó wọ̀, kí ẹ sì fi igi tó lágbára ti òrùlé lẹ́yìn kí ó má baà já lu ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti dá ọ́ìlì padà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ wà ní títàn kí bátìrì má baà rẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ pa á dé ní ìgbà mélòó kan títí afẹ́fẹ́ yóò fi jáde, kí ẹ sì tún wo ìwọ̀n ọ́ìlì.