Ǹjẹ́ gbogbo gáàsì tí ó ń ru jáde nísàlẹ̀ òkun Arctic ni ó ń dé inú afẹ́fẹ́?

Olùbéèrè
Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ará. Mo kà á pé gáàsì methane ń ru jáde láti ìsàlẹ̀ òkun Arctic, ní ìhà àríwá Siberia ní Rọ́ṣíà, àmọ́ àwọn mìíràn sọ pé inú omi ni ó ń pòórá sí. Èwo ni kí a gbà? Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí pé láàárín ọdún 20, agbára methane láti mú ayé gbóná ju ti carbon dioxide lọ ní ìlọ́po 80 ó lé.

Èsì kìíní
Òtítọ́ wà nínú méjèèjì. Bí omi ṣe jìn tó ni ó ń pààlà sí i. Ní 2008, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ibi tí ó lé ní 250 tí gáàsì ti ń ru sókè ní ìwọ̀-oòrùn Svalbard, àwọn erékùṣù Norway kan ní òkun Arctic. Bí ìfófòó gáàsì róbótó kan bá gbéra láti ìsàlẹ̀ tí ó jìn tó 400 mítà, methane inú rẹ̀ á máa yọ́ sínú omi díẹ̀díẹ̀, nitrogen àti oxygen inú omi á sì máa wọlé rọ́pò rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí ó bá yọrí sójú omi kì í fi bẹ́ẹ̀ ní methane nínú mọ́. Èyí tí ó yọ́ sínú omi ni àwọn bakitéríà kan ń jẹ.

Èsì kejì
Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n omi kò jìn ní etíkun Siberia. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 50 mítà lọ. Ilẹ̀ gbígbẹ ni tẹ́lẹ̀ kí òkun tó kún bò ó, ilẹ̀ dídì abẹ́ rẹ̀ sì ń yọ́. Ní 2010, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Natalia Shakhova àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò methane tí ó ń ti ibẹ̀ wọ afẹ́fẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 8 lọ́dún. Ìwádìí tí ó jáde ní 2020, tí wọ́n fi ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ojú omi wọn gáàsì náà nínú afẹ́fẹ́ gan-an, sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ni. Èyí ni mo gbára lé jù. Gbogbo methane tí ó ń wọ afẹ́fẹ́ lọ́dún ju mílíọ̀nù 550 lọ.

Èsì kẹta
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé gbogbo ẹrù náà lé bakitéríà lórí. Ní Òkun Ross, ní Antarctica tí ó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ojú ibì kan ní 2011, níbi tí omi kò jìn ju nǹkan bí 10 mítà lọ. Lẹ́yìn ọdún 5, àwọn bakitéríà tí ó péjọ síbẹ̀ kò tíì pọ̀ tó láti jẹ ẹ́ tán. Bí ibi tuntun bá tún là sílẹ̀ nínú omi tí kò jìn, ọ̀pọ̀ methane lè ti bọ́ sínú afẹ́fẹ́ kí àwọn bakitéríà tó pọ̀ tó láti jẹ ẹ́.