Físà àbúrò mi ní ìlú Ọba ń parí lọ: ọ̀nà wo ló tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà?

Ìyá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Ó kàwé jáde níbí ní Ifẹ̀, ó lọ gba oyè kejì lórí ìmọ̀ ilẹ̀ oko ní ìlú Ọba, físà Graduate tí wọ́n ń fún ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ọdún méjì ni wọ́n fún un, kò sì sí pé wọ́n ń fi kún un. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà kò ní ìwé àṣẹ láti gba àlejò sí iṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó £41,700 lọ́dún tí ìjọba fi ṣe òdiwọ̀n físà òṣìṣẹ́ láti oṣù Keje ọdún 2025.

Ohun tó ń já mi láyà ni irú ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gbà á. Ẹnìkan ní kí ó sanwó fún obìnrin kan kí wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó. Ẹlòmíràn ní kí ó lọ sọ fún ìjọba pé wọ́n ń lépa ẹ̀mí òun nílé. Láti ìgbà tí màmá wa ti gbọ́, oorun kò kun ojú wọn dáadáa mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọ̀nà mìíràn wà tó bófin mu?

Olùkọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn. Mo ń kọ́ni ní fásitì níbí, mo sì ti kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọ̀rọ̀ wọn jọ èyí. Kí a tó wá ọ̀nà tó fara sin, ẹ jẹ́ kí a tún ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀ yẹ̀ wò, nítorí pé £41,700 kọ́ ni iye tí wọn yóò fi wọn àbúrò yín. Ẹni tó ń ti orí Graduate bọ́ sí físà òṣìṣẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni òfin kà á sí. £33,400 ni òdiwọ̀n tirẹ̀, bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ irú èyí tó gba oyè fásitì, tí owó náà kò sì dín ní ìdá 70 nínú 100 iye tí ìjọba kọ sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àǹfààní yìí kì í ju ọdún 4 lọ, ọdún tó ti lò lórí Graduate sì wà nínú rẹ̀. Ní ti ìwé àṣẹ, ilé iṣẹ́ náà lè béèrè fún un lọ́wọ́ Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà. Kì í ṣe àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá nìkan ló wà fún, kí ó sì sọ èyí fún ọ̀gá rẹ̀ ní gbangba.

Ọ̀nà kejì ni Global Talent, físà tó wà fún ẹni tí ìmọ̀ tàbí ẹ̀bùn rẹ̀ ta yọ. Kò nílò agbanisíṣẹ́, kò ní òdiwọ̀n owó oṣù, ẹni tó bá gbà á lè yí iṣẹ́ padà bó ṣe wù ú, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sì lè béèrè àṣẹ ìgbé títí láé lẹ́yìn ọdún 3. Ohun tó le níbẹ̀ ni ìfọwọ́sí àwọn àjọ onímọ̀ bíi Royal Society, British Academy tàbí UKRI, àjọ ìjọba tó ń fi owó ran iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́. Oyè kejì nìkan kò lè gbé ènìyàn débẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ríṣẹ́ ìwádìí tí orúkọ tàbí ipò rẹ̀ wà nínú owó ìrànwọ́ tí àjọ tí UKRI fọwọ́ sí fi sílẹ̀, ilẹ̀kùn náà lè ṣí.

Ìkẹta ni ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé. Ó lè padà sí físà akẹ́kọ̀ọ́, tí ó bá sì ti ka oṣù 24 nínú ẹ̀kọ́ náà, ó lè bọ́ sí físà òṣìṣẹ́ láìdúró de ọjọ́ ìparí. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ẹni tó bá ti lo Graduate lẹ́ẹ̀kan kò lè rí i gbà mọ́, kódà bó tún gba oyè mìíràn.

Èyíkéyìí tó bá mú, kí ó fi ìwé sílẹ̀ kí ọjọ́ físà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó pé. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ láti dúró àti láti ṣiṣẹ́ kò ní já títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Kí ó má sì kúrò ní ìlú náà ní àkókò yẹn, nítorí pé bó bá jáde, wọn yóò ka ìwé rẹ̀ sí èyí tó ti fà sẹ́yìn.

Ọmọ Ọ̀bọkún, Iléṣà

Ẹ̀yin àgbà ti sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ìyá Ìbejì, níbo ni wọ́n ti bí bàbá yín àti ìyá yín?

Mo béèrè nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀ lọ kàwé ní ìlú Ọba ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1980, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ọmọ náà wálé láì ronú nípa ìwé mọ́. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ kí ọdún 1983 tó wọlé, ọmọ ìlú Ọba ni, àfi bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà. Ọmọ tí ẹni bẹ́ẹ̀ bá sì bí sí Nàìjíríà láti ọjọ́ 1 oṣù Kíní ọdún 1983, ọmọ ìlú Ọba ni òun náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Bó bá jẹ́ bàbá ló ti ní ẹ̀tọ́ náà, tí ọmọ sì dé kí oṣù Keje ọdún 2006 tó wọlé, ó gbọ́dọ̀ ti fẹ́ ìyá ọmọ náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ìforúkọsílẹ̀ wà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò físà rárá, páálí (ìwé ìrìnnà ìlú Ọba) gan-an ló yẹ kí ó máa béèrè fún.

Ní ìdílé kan ní Ìsọ̀kùn tí mo mọ̀ dáadáa, inú àpótí ìyá àgbà ni wọ́n ti rí ìwé ìbí náà, tí wọ́n ká mọ́ inú ìwé orin ìjọ. Níbi tí wọ́n ti kọ iṣẹ́ bàbá, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ìwé náà bá ti sọnù, tó sì jẹ́ England tàbí Wales ni wọ́n ti bí onítọ̀hún, General Register Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbí, ń ta ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ yìí kì í sábà kọjá ìran kan. Ọmọ-ọmọ kì í jẹ́ ọmọ ìlú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n físà UK Ancestry wà fún ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ti pé ọdún 17, tí wọ́n bí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀ sí ìlú Ọba. Ọdún 5 ni, iṣẹ́ yòówù ni ó lè ṣe, ó sì lè yọrí sí àṣẹ ìgbé títí láé. Láti òde ìlú Ọba ni wọ́n ti ń béèrè fún un.

Ìyá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Mo bi màmá léèrè lálẹ́ àná. Lágere níbí ni wọ́n bí wọn sí, lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn ti ti òkèèrè dé. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ni wọ́n bí sí Leeds ní ọdún 1967. Kò ran àbúrò mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mo ti pe àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá, wọn kò mọ̀ rárá pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Àbúrò mi náà ti ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìwé àṣẹ. Bí ìyẹn kò bá yọrí, ṣé orílẹ̀-èdè mìíràn wà tó lè gbà á?

Ará Ìmọ̀, Leipzig

Ọmọ Iléṣà ni mí, Jámánì ni mo wà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní Chancenkarte, ìyẹn káàdì àǹfààní. Ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ lè wọlé fún ọdún kan láti wá a, ó sì lè ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ní àkókò náà. Ẹni tí oyè rẹ̀ kò tíì gba ìfọwọ́sí ní kíkún ní Jámánì gbọ́dọ̀ kó àmì (máàkì) 6 jọ. Bí àbúrò yín kò bá tíì pé ọdún 35, ó ti ní 2. Gẹ̀ẹ́sì ìpele C1 (ìpele gíga nínú ìdánwò èdè) yóò fi 1 kún un. Bó bá ti ṣe iṣẹ́ tó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu fún ọdún 2 nínú ọdún 5 tó kọjá, 2 mìíràn nìyẹn. Ìwé ẹ̀rí èdè Jámánì ìpele A2 (ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè) yóò sì fún un ní 1 tó kù. Owó ńkọ́? Wọ́n á béèrè ẹ̀rí pé ó ní ohun tí yóò máa jẹ. Ní ọdún 2025, yúrò 1,091 fún oṣù kọ̀ọ̀kan ni, púpọ̀ nínú wa sì ń fi gbogbo rẹ̀ sínú àkántì tí bánkì tì pa, tó ń tú u sílẹ̀ lóṣooṣù.

Ní ti ìgbéyàwó olówó àti ìtàn àròsọ, ẹ bá mi sọ fún un pé bí Home Office bá rí ẹ̀tàn nínú ìwé ènìyàn, wọ́n lè má fún un ní físà kankan mọ́ fún ọdún 10. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ láti gbà á nímọ̀ràn nípa físà, kí ó béèrè bóyá lọ́yà ni tàbí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Immigration Advice Authority, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn agbaninímọ̀ràn físà ní ìlú Ọba, kí ó sì wá orúkọ náà fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nípa Jámánì, kí ó kọ́kọ́ wo Anabin, níbi tí ìjọba to àwọn fásitì àti oyè gbogbo ayé sí. Kí ó wo ti Ifẹ̀ àti ti ìlú Ọba kí ó tó na owó kankan.