Joshua kì í ṣe akọ́ṣẹ́ lọ́dún 2012: ẹ jẹ́ ká tún "akọ́ṣẹ́mọṣẹ́" yẹ̀ wò nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjíròrò.

Lórí bí a ṣe máa túmọ̀ "amateur" àti "professional" nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Kàdúná dá a lábàá pé kí a máa pe ẹni tó ń ja ẹ̀ṣẹ́ láìtíì máa gbowó lórí rẹ̀ ní "akọ́ṣẹ́", kí a sì máa pe ẹni tó ti ń gbowó ní "akọ́ṣẹ́mọṣẹ́". Anthony Joshua, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó gba góòlù Olympics lọ́dún 2012, ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ: akọ́ṣẹ́ títí di 2013, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ láti ìgbà náà. Púpọ̀ nínú yín ló ti gbè wọ́n lẹ́yìn. Èmi náà fẹ́ gbè wọ́n lẹ́yìn, àfi ìgbà tí mo ka àbá náà sí etí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Yorùbá ní Kubwa, ní Àbújá, lọ́jọọjọ́ Sátidé. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mọ́kànlá, nawọ́ sókè. Ó ní, "Àǹtí, ṣé kò tíì mọ iṣẹ́ nígbà tó gba góòlù ni?"

Mi ò rí èsì fún un. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹ wo ohun tí ọmọ náà rí. Joshua, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ṣàgámù, wọ ẹgbẹ́ ẹ̀ṣẹ́ ní Finchley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2007. Nígbà tó fi máa di 2011, ó ti ṣe ipò kejì nínú ìdíje gbogbo àgbáyé ní Baku. Àmì kan ṣoṣo ni Majidov, ọmọ ilẹ̀ Azerbaijan, fi jù ú lọ, 22 sí 21. Ọdún tó tẹ̀ lé e, níbi Olympics Lọ́ńdọ̀nù, ó na Erislandy Savón, ọmọ Kúbà, 17 sí 16. Òun àti Roberto Cammarelle, ọmọ Ítálì tó gba góòlù ní Beijing lọ́dún 2008, sì jà dé 18 sí 18 ní àṣekágbá, kí wọ́n tó padà ka àmì àwọn adájọ́ kí góòlù tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Nílé wa, ta ni akọ́ṣẹ́? Ọmọ tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ni, tí kò tíì gba fírídọ́ọ̀mù. Ọmọ tí kò tíì gba fírídọ́ọ̀mù kì í na ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọ̀gá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní Joshua nìkan ló rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sí Barcelona lọ́dún 1992. Félix Savón, mọ̀lẹ́bí Erislandy yẹn, ló na David Izonritei tiwa ní àṣekágbá, tí Izonritei fi gba fàdákà. Izonritei lọ sọ ẹ̀ṣẹ́ di iṣẹ́ lẹ́yìn náà. Savón gba góòlù mẹ́ta, 1992, 1996 àti 2000, kò sì fìgbà kankan jà fún owó, torí ìjọba Kúbà kò gba irú rẹ̀ láyè nígbà náà. Teófilo Stevenson, ọmọ Kúbà bíi tirẹ̀, náà gba mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, 1972, 1976 àti 1980, òun náà kò jà fún owó rí. Tí a bá fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa wọ̀n wọ́n, akọ́ṣẹ́ ni Stevenson dọjọ́ ikú, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sì ni ẹni tí Savón nà. Ọ̀rọ̀ tó bá gbé wa dé ibẹ̀ ti ṣìnà.

Mo mọ̀ pé "akọ́ṣẹ́mọṣẹ́" ti fìdí múlẹ̀ fún dókítà, agbẹjọ́rò àti ayàwòrán ilé, ó sì bá wọn mu. Ìmọ̀ ló ya dókítà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kì í ṣe dókítà. Nínú ẹ̀ṣẹ́, kì í ṣe ìmọ̀. Òfin àti owó ni. Lọ́dún 2012, abala mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, ni wọ́n ń jà ní Olympics, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn àti ìbòrí tó ń dáàbò bo orí. Nígbà tí Joshua sì bá Emanuele Leo jà ní gbọ̀ngàn O2 lọ́jọ́ 5 oṣù kẹwàá 2013, ìbòrí ti kúrò, síńgílẹ́ẹ̀tì ti kúrò, owó ló ń dúró dè é. Abala àkọ́kọ́ ló sì ti parí ẹ̀. Ó gba ìgbànú IBF, ọ̀kan lára àwọn àjọ tó ń fún àwọn tó ń jà fún owó ní ìgbànú, lọ́wọ́ Charles Martin ní 2016, ó na Wladimir Klitschko ní Wembley ní 2017 lójú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 90 ènìyàn. Síbẹ̀, kò jà dé abala kejìlá rí àfi ìgbà tó pàdé Joseph Parker ní Cardiff ní oṣù kẹta 2018. "Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́" ọlọ́dún mẹ́rin àbọ̀ ṣì ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ibi tí mo ti rí ọ̀nà kò jìnnà sí ilé mi. Wọ́n máa ń ja dambe, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àwọn Háúsá, ní Dei-Dei, tó múlé ti Kubwa. Alápatà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jà á láyé àtijọ́, lẹ́yìn ìkórè. Ọwọ́ kan ni wọ́n ń fi okùn dì, òun ni ọ̀kọ̀. Èkejì tí wọn kò dì ni asà. Bí ọwọ́, orúnkún tàbí ara ẹnì kan bá kan ilẹ̀, wọ́n á ní wọ́n ti pa á. Mo bi Háúsá tí mo máa ń ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀, tí òun náà ti jà rí, bí wọ́n ṣe ń ya ẹni tó ń jà ṣáá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń fi jẹun. Ìbéèrè ló fi dá mi lóhùn: "Wasa ne ko sana'a ce?" Ṣé eré ni, àbí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni? Kò dárúkọ ìmọ̀ rárá.

Àwa náà ní irú rẹ̀: iṣẹ́ òòjọ́. Àgbẹ̀ tó mọ ìjàkadì, tó ń dá gbogbo ọkùnrin àdúgbò mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, ta ló jẹ́ pè é ní akọ́ṣẹ́? Oko ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ìjàkadì kọ́. Nítorí náà, àbá mi ni "ẹ̀ṣẹ́ òòjọ́" fún èyí tí wọ́n ń gbowó lórí rẹ̀. Joshua sọ ẹ̀ṣẹ́ di iṣẹ́ òòjọ́ lọ́dún 2013: ọmọ ọdún mọ́kànlá kò ní rí ibi gbá a mú. Mo kọ́kọ́ rò ó láti pe oníṣẹ́ náà ní "afẹ̀ṣẹ́jẹun", ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹni tó ń fi ẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni wọ́n máa kà á sí, tàbí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ jẹun.

Apá kejì, ti ẹni tí kò tíì máa gbowó, ló le. "Aláfẹ́" tí ẹnì kan mú wá, nítorí pé "amateur", ọ̀rọ̀ Faransé tí àwọn Òyìnbó ń lò, túmọ̀ sí olùfẹ́, kò lè ṣiṣẹ́. Ẹni òde àríyá ni aláfẹ́ létí wa. "Ọ̀jẹ̀-wẹ́wẹ́" dùn, ṣùgbọ́n ọmọdé àti ẹni tuntun ló ń tọ́ka sí, àṣìṣe akọ́ṣẹ́ náà ló tún ṣe. Èyí tí mo rò ni "ẹ̀ṣẹ́ aṣojú". Kò sẹ́ni tó ń dá lọ sí Olympics fúnra rẹ̀: Finchley ni Joshua kọ́kọ́ ṣojú, kó tó ṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Henry Akinwande, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣojú wọn ní Seoul lọ́dún 1988. Orúkọ ara rẹ̀ ló fi gba ìgbànú WBO, àjọ mìíràn bíi IBF, lọ́dún 1996.

Lórí orúkọ ẹni tó ń jà gan-an, arábìnrin wa ní Minna fẹ́ "ajẹ̀ṣẹ́". Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Bí a ṣe ń jẹ ìgbájú ni a ṣe ń jẹ ẹ̀ṣẹ́. Ẹni tí wọ́n lù ni ajẹ̀ṣẹ́. Kí ló ṣe "abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò" tí gbogbo ayé ti ń pè? "Abi" inú rẹ̀ ni ti abìwo àti abìyẹ́, "kù" sì ni ti òjò tó ń kù lókè. Ọ̀rọ̀ tó pé ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ẹni tó bá ju kílò 91 lọ ni wọ́n ń pè ní wúwo jù lọ ní Olympics 2012; nínú ẹ̀ṣẹ́ òòjọ́, ẹni tó bá ju nǹkan bí kílò 90.7 lọ ni wúwo lásán. Tí a bá túmọ̀ méjèèjì bẹ́ẹ̀, òǹkàwé á rò pé Joshua rù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó. "Atẹ̀wọ̀n" ni kí a lò fún méjèèjì, kí a kọ iye kílò tì í. Mi ò fara mọ́ "òmìrán": Andy Ruiz tó na Joshua ní New York lọ́dún 2019 kò ga bí òmìrán, ó tẹ̀wọ̀n ni.

Sátidé tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ kọ wọ́n sójú pátákó fún àwọn ọmọ náà. "Òòjọ́" dá mi lójú. "Aṣojú" kò tíì dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀, torí náà ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.